Tarulata Tó Ń La Ojú Lakshmi

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Tarulata nígbà tí wọ́n mú un wọ ilé ọkọ ní Shimulghat, abúlé àwọn amọ̀kòkò tó wà létí odò. Gbogbo àdúgbò ló tú jáde wá wo ìyàwó. Ìyá ọkọ rẹ̀, Khantomoni, ti tẹ́ aṣọ funfun láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí wọ́n ń kó ìrẹsì sí, ó sì gbé ọpọ́n wàrà tí wọ́n ti po aró pupa mọ́ síwájú rẹ̀, kí ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ó sì fi ẹsẹ̀ pupa náà rìn wọlé. Ìyàwó tuntun ni Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀, nílé ọkọ. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí aṣọ ni ojú ẹsẹ̀ ọrọ̀ tó ń bọ̀ wá jókòó. Ṣùgbọ́n Tarulata kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀, aṣọ ìgbéyàwó sì wúwo lára rẹ̀ bí àpò ìrẹsì. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan sókè báyìí, ó yọ̀. Ọpọ́n dojú dé. Wàrà pupa ṣàn gba orí aṣọ náà lọ, ó sì wá rí bí ibi tí wọ́n ti pa ẹran.

Àwọn obìnrin tó ń fi ahọ́n ké igbe ayọ̀ dákẹ́ wẹ́lo. Nibaron, ọkọ rẹ̀, ló nawọ́ fà á dìde.

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé lẹ́yìn ìyẹn tí òjò tí kò bá ìgbà mu fi rọ̀ lu ààrò tí wọ́n ti to ìkòkò kún dẹ́nu. Gbogbo rẹ̀ ló sán. Khantomoni kò pariwo. Ó ń gé elégédé lọ́wọ́, ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé ni: "Ẹsẹ̀ tó wọlé ni."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí odò kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn obìnrin tó ń fọṣọ níbẹ̀ ti ń pè é ní Ẹlẹ́sẹ̀-òṣì. Wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n etí ìyàwó tuntun a máa gùn ju ti ehoro lọ.

Iṣẹ́ ilé náà ni ọmọrí òrìṣà. Àwọn ará Shimulghat, láti òdìkejì ààlà ni àwọn òbí wọn ti ṣí wá nígbà tí ilẹ̀ pín sí méjì, àwọn tó sì ti ọ̀hún wá kì í fi amọ̀ mọ ère Lakshmi tí wọ́n bá fẹ́ bọ ọ́ ní òṣùpá àrànmọ́jú oṣù Ashwin, nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Àwòrán rẹ̀ ni wọ́n ń bọ, lórí ọmọrí amọ̀ róbótó tó fẹ̀ tó atẹ ìfẹ́ka: Lakshmi tó jókòó lórí òdòdó òṣíbàtà, ìdì ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀, òwìwí lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ òwìwí láìdáa níbẹ̀ o, ẹyẹ ire ni, òun ló ń gbé ọrọ̀ kiri. Agbègbè kọ̀ọ̀kan ló ní bí tirẹ̀ ṣe ń rí. Àwọn kan fẹ́ kí ọmọbìnrin méjì dúró tì í, àwọn kan fẹ́ kó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó ti Faridpur wá kò ní gba ti àwọn ará Dhaka, bí ẹ tilẹ̀ fi ta á lọ́rẹ.

Haripodo, bàbá Nibaron, ló mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Nígbà tí wọ́n ń sá bọ̀ láti ọ̀hún, àwọn kan gbé wúrà, àwọn kan gbé ìkòkò ìdáná. Haripodo ká búrọ́ọ̀ṣì mọ́kànlá onírun ewúrẹ́ sínú agbòjò, ó sì gbé e kọ́ apá wọ ọkọ̀ bí ẹni tó ń lọ sọ́jà. Nibaron ń mọ ọmọrí, àwọn obìnrin ń lọ ẹfun, wọ́n ń se kóró àjàgbọn títí yóò fi di lẹ̀ẹ̀ tí wọ́n ń po àwọ̀ mọ́, wọ́n ń kó èéfín àtùpà jọ fún àwọ̀ dúdú. Wọ́n lè kun aṣọ òrìṣà ní pupa, wọ́n lè kun òdòdó. Ṣùgbọ́n ojú tó ń sọ àwòrán di òrìṣà, Haripodo nìkan ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì la á. Ọkùnrin ló ń ṣe é láti ayé baba baba wọn.

Ní ọdún kẹta tí Tarulata dé ilé náà ni ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú bàbá ọkọ rẹ̀. Bàbá kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọrí ló tú àṣírí. Lakshmi kan ń wo òrùlé, òmíràn ń wo òwìwí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ó jí i lẹ́ja jẹ. Nibaron rí i, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti sọ fún bàbá rẹ̀. Ó lọ gbìyànjú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ọwọ́ rẹ̀ mọ amọ̀, kò mọ búrọ́ọ̀ṣì. Òrìṣà tó kùn jáde bí ọlọ́pàá tó fẹ́ béèrè ìwé ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀, Boikuntho, oníṣòwò ìlú ojú irin, ti ní kí wọ́n ṣe ọ̀ọ́dúnrún ọmọrí fún òun, àjọ̀dún sì ku ogún ọjọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ Lakshmi. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, Tarulata a máa po ìyẹ̀fun ìrẹsì mọ́ omi, a fi ìka ya ojú ẹsẹ̀ òrìṣà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láti àbáwọlé lọ dé ibi ìkó-ìrẹsì, a sì ya ìtàkùn àti ewé yí i ká. Obìnrin gbogbo ń ṣe é, kò sí ẹni tó ń kíyè sí i. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Haripodo ń bọ̀ láti ìdí kànga, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó lóṣòó, ó sì fi ojú sún mọ́ ilẹ̀ títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án. Funfun lórí ilẹ̀ dúdú, ìyẹn nìkan ni ojú rẹ̀ ṣì lè mú dáadáa. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìtàkùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó rákò wọlé bí ọmọ kékeré. Lẹ́yìn náà ló bi Nibaron pé ta ló ya á.

Khantomoni ló dáhùn láti ìdí iná. "Ta ni ì bá tún jẹ́? Ìyàwó rẹ náà ni. Ṣé ó ti tún ṣì í yà ni?"

Haripodo ní kí wọ́n pè é wá. Tarulata wá, ó fa etí aṣọ rẹ̀ bo ojú dé àgbọ̀n, nítorí pé ìyàwó kì í ṣí ojú síwájú bàbá ọkọ, kì í sì í bá a sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, ìtàkùn yìí, ẹ̀ẹ̀melòó lo gbé ọwọ́ kúrò nílẹ̀ nígbà tí o ń ya á?"

Bàbá tún bi í.

"N kò gbé ọwọ́, Bàbá," ni ohùn kan wí lábẹ́ aṣọ.

"Lọ wẹ̀. Má tíì jẹun. Kí o padà wá."

Ìgbà náà ni Khantomoni dìde. Ó ní obìnrin kì í la ojú òrìṣà, pé ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ wọn, pé bó bá tilẹ̀ máa jẹ́ obìnrin, ṣé eléyìí ni? Haripodo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé òrìṣà ọ̀hún, ṣé ọkùnrin ni. Ó ní òun ọkùnrin ti ń tẹ ojú mọ́ ọn láti ogójì ọdún, kò tijú òun. Ṣé obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò wá máa tijú?

Nígbà tí Tarulata ti etí odò dé, omi ṣì ń kán nírun rẹ̀. Ó jókòó síwájú ọmọrí, ó mú búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù, kò sì lè rí nǹkan kan nítorí aṣọ tó bo ojú rẹ̀.

"Ṣí i," ni Haripodo wí. "Ẹni tó fẹ́ la ojú òrìṣà kò lè di tirẹ̀."

Tarulata ṣí ojú. Ó ti lo ọdún mẹ́ta nílé náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí bàbá ọkọ rẹ̀ yóò wo ojú rẹ̀, ojú bàbá kò sì ríran mọ́ débi tí yóò fi mọ bó ṣe rí.

Bàbá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mí sínú kí ọwọ́ tó kan ọmọrí, kí wọ́n má sì mí síta títí ìlà yóò fi parí. Ìpéǹpéjú kọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹja tó sùn. Lẹ́yìn náà ẹyinjú dúdú. Ọwọ́ Tarulata gbọ̀n ní ìparí ìlà, igun ojú sì lọ sókè díẹ̀. Kí ojú kejì má baà bá èkíní jà, ó gbé igun tirẹ̀ náà sókè. Ni ẹnu bá dà bí ẹni pé kò bá ojú mu mọ́, ó bá fa igun ẹnu sókè pẹ̀lú. Nígbà tó fi máa gbé ọwọ́ kúrò, òrìṣà ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo Lakshmi tí Haripodo ti ń kùn láti ọjọ́ yìí, wọ́n dijú mágbárí bí ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni níbi òkú.

Bàbá gbé ọmọrí náà sínú oòrùn, ó fi sún mọ́ ojú. "Ó ń rẹ́rìn-ín."

"Ṣé kí n pa á rẹ́, Bàbá?"

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín nígbà tí o ń kùn ún?"

"Kò sí o. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ó dáa. Òun ni ẹ̀rù kò bà. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Báyìí ni Tarulata ṣe la ojú àwọn ọ̀ọ́dúnrún náà, ní òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, tí Haripodo sì jókòó tì í tó ń gbóòórùn lẹ̀ẹ̀. Imú rẹ̀ ló fi ń mọ̀ bó bá ki tàbí bó bá ṣàn. Boikuntho wá kó ẹrù rẹ̀ lọ. Wọn kò sọ fún un pé ọwọ́ ẹlòmíràn ti wọ̀ ọ́, òun náà kò sì béèrè. Ọdún kejì lọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún kẹta tí Tarulata ti ń la ojú, Boikuntho dúró lẹ́bàá kẹ̀kẹ́ akọ màlúù rẹ̀ nínú ọgbà, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń fi koríko gbígbẹ di àwọn ọmọrí náà, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní ọwọ́ bàbá yìí, bó ti ń dàgbà ló ń dùn sí i, pé àwọn oníbàárà òun kò gba òmíràn mọ́ àyàfi Lakshmi ẹlẹ́rìn-ín. Haripodo ya ẹnu láti sọ nǹkan. Khantomoni yá jù ú lọ.

"Bàbá wo? Bàbá tí kò rí ìrẹsì inú àwo rẹ̀? Ìyàwó mi ló ń kùn ún."

Tarulata tó ń fẹ́ iná lẹ́nu ààrò kò mọ ibi tí òun yóò gbé ojú sí. Boikuntho fa ọwọ́ kúrò lára ọmọrí tó dì mú. Ó ní ó dun òun o, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ò ní fẹ́ forí balẹ̀ fún ohun tí obìnrin la ojú rẹ̀, pé bóyá kí òun fi ti ọdún yìí sílẹ̀ ná.

Khantomoni kò bá a jiyàn. Ó gun kẹ̀kẹ́ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn ọmọrí kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó sùn.

"Fi í sílẹ̀," ló wí, kò wo ojú rẹ̀. "Àmọ́ ọdún méjì lo ti ń kúnlẹ̀ níwájú iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó mi nínú ilé ara rẹ. Láàárín ìgbà náà, ìyàwó rẹ bí ọkùnrin. O ṣí ṣọ́ọ̀bù kún ṣọ́ọ̀bù. Bó bá jẹ́ pé òrìṣà yẹn kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ, lọ dá ọmọ padà, kí o ti ṣọ́ọ̀bù kan pa, ká lè mọ̀ pé lóòótọ́ lo sọ ọ́."

Boikuntho fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. "Ìyá, ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ máa ṣòwò, kí èmi máa wá mọ ìkòkò." Ó gun kẹ̀kẹ́ náà fúnra rẹ̀, ó sì bá a tò wọ́n padà.

Ìròyìn náà tún ṣáájú wọn dé etí odò. Ní ọjọ́ kejì, obìnrin kan tó ń fọ àwo níbẹ̀ bi Khantomoni, pẹ̀lú ẹ̀rín tó ní ìtumọ̀, pé ṣé Ẹlẹ́sẹ̀-òṣì náà ló wá di ẹni tó ń la ojú òrìṣà báyìí? Khantomoni fún aṣọ rẹ̀ gbẹ kó tó dáhùn.

"Nítorí ẹsẹ̀ kọ́ ni mo ṣe fẹ́ ẹ fún ọmọ mi. Nítorí ọwọ́ ni."

Irọ́ funfun báláú ni, gbogbo wọn ló mọ̀ pé irọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò sì tún pe orúkọ náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Khantomoni kò bẹ Tarulata rárá nípa ohun tó ti kọjá. Ṣùgbọ́n bí ẹja bá jinná lálẹ́, tó bá ń bù ú fún ará ilé, orí ẹja wá ń bọ́ sínú àwo Tarulata, ọkọ rẹ̀ sì ń gba ìrù.

Tarulata bí ọmọbìnrin kan, Minoti, ẹ̀yìn rẹ̀ ló bí ọkùnrin méjì. Ọwọ́ rẹ̀ le sí i lórí iṣẹ́. Àwọn òwìwí rẹ̀ pàápàá ní ìrísí tiwọn: ojú wọn róbótó, wọ́n yí ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọn kò bá a sọ. Àwọn ọmọ àdúgbò ló kọ́kọ́ rí i pé Khantomoni gan-an ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi dé etí ìyá náà. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọrí kan wá. Ó wò ó, ó wò ó. "Imú mi kò rí báyìí," ni gbogbo ohun tó sọ. Ìgbà tí wọ́n ń tún yàrá rẹ̀ ṣe lẹ́yìn tó kú ní arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni wọ́n rí ọmọrí náà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, tó fi aṣọ ìbora àtijọ́ wé e.

Haripodo ti ṣáájú rẹ̀ lọ, nínú òtútù ọdún kan, lẹ́yìn tó mu tíì rẹ̀ tán. Tarulata ló jogún búrọ́ọ̀ṣì mọ́kànlá náà. Irun wọn ti jẹ dànù tipẹ́, ó ń so irun ewúrẹ́ tuntun mọ́ àwọn igi wọn.

Nígbà tó yá, àwòrán Lakshmi orí bébà gba ọjà kan. Ó ń dán, kì í fọ́, èèyàn lè ká a sápò. Àwọn aládùúgbò kan pa iṣẹ́ tì, wọ́n lọ ṣe bíríkì tàbí kí wọ́n wọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá. Nibaron wá ń mọ ìkòkò òdòdó láàárín ọdún, ọ̀ọ́dúnrún ọmọrí sì di ọgọ́fà, ó di ọgọ́rin. Tarulata kò ráhùn. Ó ní ìgbà tó jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún, òun kì í rí àyè wo ojú wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún kan báyìí, ìyá arúgbó kan tí ń jẹ́ Shorojubala gun rìkíṣọ́ọ̀, kẹ̀kẹ́ akérò, wá láti ìlú ojú irin. Ó tú etí aṣọ rẹ̀ níbi tó so ní kókó, ó mú àpáàdì kan jáde tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ara ọmọrí ilé ìyá rẹ̀ lọ́hùn-ún ni, ó ní òun ló mú un bọ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Imú ọkọ̀ ojú omi kan àti ẹsẹ̀ òrìṣà kan ṣoṣo ló kù lára rẹ̀. Ó béèrè bóyá Tarulata lè ya ìyókù.

Tarulata bi í pé èèyàn mélòó ló wà nínú ọkọ̀. Ó ní mẹ́rin. Lẹ́yìn tó mu omi, ó ní mẹ́ta ni. Òwìwí ńkọ́, apá ọ̀tún ni àbí òsì? Apá òsì ni, àfi bó bá jẹ́ apá ọ̀tún. Tarulata kò rẹ́rìn-ín. Ó ya ọmọrí mẹ́ta fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀, ó sì ní kó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Shorojubala padà wá. Ó jókòó síwájú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí oòrùn fi yí ibi tó wà padà. Ó ní kò sí èyí tó jẹ́ ti ìyá òun nínú wọn. Síbẹ̀ ó fọwọ́ kan èyí tó wà láàárín.

"Ti ilé wa kò rẹ́rìn-ín," ló wí.

"Màmá, mo lè tún un ṣe kó má rẹ́rìn-ín."

"Rárá, má fọwọ́ kàn án. Ìyá mi náà kò rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú ilé wa."

Wọ́n jùmọ̀ jẹ ìrẹsì yíyan àti àgbọn tí wọ́n fi ṣúgà dúdú ká róbótó, Shorojubala sì gbé ọmọrí rẹ̀ lé itan lọ sílé nínú rìkíṣọ́ọ̀.

Ní báyìí, Tarulata ti lé ní àádọ́rin ọdún. Minoti àti ìyàwó ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà ló ń kun aṣọ àti òdòdó, wọ́n sì ti ń la ojú pẹ̀lú, ẹnikẹ́ni kò béèrè mọ́ bóyá obìnrin ni. Ní ọjọ́ àjọ̀dún tó kọjá yìí, gbogbo ọmọrí tán pátá, ó ku ẹyọ kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilé. Ọ̀sán ń rọlẹ̀ lọ nígbà tí ọkùnrin kan sáré wọlé lórí kẹ̀kẹ́, ó ní tòun ti já bọ́ lọ́nà, ó fọ́, ìyàwó òun sì ti gbààwẹ̀ láti àárọ̀. Tarulata gbé ti ilé fún un. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń ráhùn, òun sì ti fa ọmọrí lásán kan tí wọ́n ti fi ẹfun kùn jáde, ó ti mú búrọ́ọ̀ṣì. Ó kùn ún kí wọ́n tó tan àtùpà, lẹ̀ẹ̀ kò sì rójú gbẹ.

Nígbà tó kan Nibaron láti forí balẹ̀, ó tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá, ó fi iwájú orí kan ẹsẹ̀ òrìṣà, ó sì dìde pẹ̀lú ojú ẹsẹ̀ pupa kékeré méjì láàárín iwájú orí. Kò mọ̀. Ó ń wo gbogbo ilé, gbogbo ilé ń wò ó. Tarulata ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, tó fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

"Kí ni?" ni Nibaron ń béèrè. "Kí ló dé?"

Wọ́n gbé dígí fún un. Ó wo ara rẹ̀ pẹ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bu omi fún òun láti fi fọ̀ ọ́ o, ó jókòó, ó sì ní kí wọ́n gbé àgbọn wá.